Ẹja Tí Mo Pààrọ̀ Láàárọ̀ Ọjọ́ Ọdún

Ẹ̀yin ará mi, ọdún keje rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Ọkọ mi kò mọ̀. Ọmọ mi kò mọ̀. Tí mo bá kírun tán tí mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣe ni ẹnu mi máa ń wúwo, torí ẹni tí mo ṣẹ̀ ṣì wà láyé, nọ́mbà rẹ̀ sì wà lórí fóònù mi.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ẹni yẹn fúnra rẹ̀ pè mí. Ó ní kí n bá òun bẹ àwọn èèyàn òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Douala ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé. Nàìjíríà ni àwọn òbí mi ti wá. Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà. Lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí omi ní Youpwè ni mo ti ń rà á, màá wá gbé e lọ sí ọjà Sandaga. Youpwè yẹn ni mo ti pàdé Solange. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Òun náà ń ra ẹja. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò gbọ́ èdè ìlú rẹ̀, Pidgin àti Faransé la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bí ọmọ mi Rábí, tí ara mi kò yá, òun ló sùn tì mí ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Mami Rabi ló ń pè mí títí dòní.

Ìlú kékeré kan lórí òkè ni Solange ti wá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti ń lọ sópin, wọ́n máa ń ṣe ọdún níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, obìnrin kan láti ilé kọ̀ọ̀kan á pọn omi nínú odò ìsàlẹ̀, á gbé e gòkè dé ibi òkúta ńlá kan níwájú ààfin. Wọ́n á máa pe orúkọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n pe ilé rẹ̀ á dáhùn, á sì da omi tirẹ̀ sórí òkúta náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ á sáré gun orí òkè, wọ́n á tún sáré bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ilé kan á se oúnjẹ fún gbogbo ìlú àti àlejò. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọjà máa ń kún.

Solange ló mú mi débẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún mi, ó sì lọ sùn lórí ẹní.

Ọdún kẹrin tí mo lọ ni mo ṣe ohun tí mo ṣe. Òjò rọ̀ gan-an lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ti tètè ra ẹja tèmi pamọ́, kòkòrò sì wọ inú rẹ̀. Kò sí òmíràn tí mo lè rà mọ́. Mo mú oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà, ọmọrí ìgò méjì, mo pò ó mọ́ omi kọ́ọ̀bù kan, mo wọ́n ọn sí ẹja náà lára. Àwọn kòkòrò náà kú. Lọ́jọ́ kejì mo fi omi gbígbóná ṣan ẹja náà, mo tún yan án. Mo ní iná á pa oògùn náà.

Iná kò pa á. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ọdún, mo ṣí agbọ̀n mi, mo sì ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Àwọn ìyàwó ọba ló ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Mi ò lè gbé irú ẹja yẹn fún wọn.

Ilé Solange ló kàn láti dáná lọ́dún yẹn. Agbọ̀n ẹja tó fẹ́ fi se ọbẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá rẹ̀. Ẹja tó gbẹ dáadáa, tó dára. Òun àti ìyá rẹ̀ ti lọ sódò. Èmi nìkan ni mo wà nílé.

Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo kó ẹja tirẹ̀ sínú agbọ̀n tèmi, mo sì kó tèmi sínú tirẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo sọ fún ara mi pé ìkòkò ńlá ni, pé omi pọ̀, ata pọ̀, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí Solange dé láti odò, ó sáré da ẹja náà sínú ìkòkò, èéfín igi kò sì jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí oúnjẹ jinná, Solange fúnra rẹ̀ bu tèmi wá, ó to ẹja lé e lórí. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Irọ́ ni. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jẹun. Mo lè pariwo. Mi ò pariwo.

Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ bì. A rò pé ọtí ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í bì, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, àwọn kan ń gbọ̀n. Ariwo sọ. Àwọn ọlọ́kàdà ń gbé èèyàn méjì méjì lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀. Solange pọn ọmọ kan, ó ń sáré lọ. Òun náà ti tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò. Mo rí i tó dúró létí ọ̀nà, tó bì, tó nu ẹnu, tó tún ń sáré lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Aboyún kan tó ń jẹ́ Béatrice di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mami, inú mi, inú mi." Oyún oṣù márùn-ún ni. Lọ́jọ́ kejì, oyún náà wálẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Kò sí ẹni tó kú nínú àwọn tó jẹun. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí Solange ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìlú gbé agbọ̀n Solange jáde. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó pè mí.

Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ra ẹja. Kí ló fi sí i?"

Mo ní, "Ìyá, mi ò mọ̀. Kálukú ló ni agbọ̀n tirẹ̀."

Ì bá sàn ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi mí. Mo ní, "Àmọ́ òjò pọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹja ń ní kòkòrò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ dáná fún ìlú mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé omi mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ wá nígbà ọdún. Ó búra. Ó sunkún títí tí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní bóyá obìnrin tó ta ẹja náà fún òun ní Youpwè ló fi nǹkan sí i. Nínú ọkọ̀ tá a bá bọ̀, ó gbé orí lé èjìká mi, ó ní, "Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́." Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Solange fi ẹja títà sílẹ̀. Ó kó lọ sí Yassa, ní ìpẹ̀kun Douala, ó ń ta òkìrìkà létí títì. Èmi ò dẹ́kun lílọ síbi ọdún yẹn. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní ẹja ọwọ́ mi nìkan ló fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ń fi mí jókòó sáàárín àwọn àgbà. Béatrice, tí kò tíì lóyún mìíràn láti ìgbà yẹn, máa ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá kí mi. Inú ilé ìyá Solange náà ni mo ṣì ń sùn sí. Tí wọ́n bá pe orúkọ ilé wọn níbi òkúta, ibẹ̀ á kọ́kọ́ pa rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni ìyá yẹn á dáhùn fúnra rẹ̀, á gbé omi náà dé tòun ti ìmí gúlegúle. Èmi á máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ tí Solange wá pè mí fún nìyí. Ìyá rẹ̀ ṣubú, orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́. Tí kò bá sí ẹni tó gbé omi ilé wọn lọ́dún yìí, wọn ò ní pe orúkọ ilé náà mọ́.

Ó ní, "Mami Rabi, ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Sọ fún wọn pé mo ti jẹ́wọ́. Sọ pé èmi ni mo fi oògùn sí i. Màá kúnlẹ̀ níwájú Béatrice. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n gbé omi ìyá mi."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ bá a ní Yassa láti sọ òtítọ́. Mo fi Ọlọ́run búra pé ohun tó gbé mi lọ nìyẹn. Mo bá a tó ń ká aṣọ. Kí n tó la ẹnu, ó ní kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ, torí wọ́n á bi òun léèrè dáadáa. Ó ní, "Irú oògùn wo ni kí n ní mo fi sí i? Báwo ni wọ́n ṣe ń pò ó?"

Mo sọ fún un. Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní oògùn inú ẹ̀wà, ọmọrí ìgò méjì, omi kọ́ọ̀bù kan, kó ní òun fi omi gbígbóná ṣàn án lọ́jọ́ kejì, òun sì tún yan án.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ tó ń ká. Ó wò mí. Ó ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní àwọn obìnrin Youpwè ló sọ fún mi.

Ó ká aṣọ náà tán, ó mú òmíràn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo ní mo fẹ́ máa lọ. Kò sìn mí dé títì bó ṣe máa ń ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí kí n dúró níbi òkúta yẹn, níwájú gbogbo ìlú, kí Béatrice àti ìyá Solange jọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè yẹn láàyè? Mi ò mọ̀ bóyá Solange ti mọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ṣe ló ń fún mi láyè kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Láti ọjọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ̀wé sórí fóònù mi. Ó ní, "Gba ìjókòó méjì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé tó ń lọ sílùú wa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo fẹ́ jókòó sí."