Kíríìmù Tí Mo Gbé Kalẹ̀ Kì í Ṣe Tèmi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, inú mi ń dùn, síbẹ̀ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá mi ní yunifásítì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Màmá la máa ń pè wọ́n. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ̀rọ̀ níbi ìdúpẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n sì gbé "kíríìmù ọjọ́ yẹn" dání. Kíríìmù ọjọ́ yẹn gan-an lẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kọ́ níbí, ní Adó-Èkìtì. Ọ̀rá kan wà nínú mílíìkì màlúù tó ń jẹ koríko tútù. Orúkọ rẹ̀ gùn. CLA la máa ń pè é. À ń wádìí bóyá ó ń ṣe ara lóore. Iṣẹ́ tèmi ni láti po òróró tó ní ọ̀rá yìí mọ́ omi àti ẹyin, kí ó di kíríìmù tí ènìyàn lè fi jẹ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n òróró mi kì í gbọ́ràn. Bí mo bá pò ó tán tí mo yíjú, ó ti léfòó, omi ti wà nísàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ènìyàn máa wá tọ́ ọ wò, ó tún yapa. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Fájuyì, mo ra sàláàdì kíríìmù inú ìgò, mo dà á sínú abọ́ mi. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Àwọn tó tọ́ ọ wò ń ṣe há! Màmá jó. Tíṣà kan láti Ìgèdè tún béèrè fún sí i. Ó wò mí, ó ní, "Sísítà, ẹ dákun, ṣé ẹ ti ní ọkọ?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ìtìjú kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ Màmá pé kí a má lo àbájáde yẹn, pé mo fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe. N kò sọ ìdí. Ńṣe ni wọ́n tún yìn mí! Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tó fara balẹ̀ bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Títí dòní, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wọ́n ń ròyìn mi fún.

Mo pò ó, mo tún un pò, títí tèmi gan-an fi dì. Òun ni mo fi gboyè.

Tíṣà yẹn ló wá di ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bí mo ṣe tọ́ ọ wò báyìí ni mo ti dá a mọ̀. Irú ìgò yẹn ni màámi máa ń rà sí ulé wa."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mo gbọ́ pé lọ́jọ́ kejì lo bẹ Màmá pé kí wọ́n má lo àbájáde yẹn. Mo ní ẹni tí irọ́ ń dà láàmú báyìí, irọ́ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi!

Kíríìmù tèmi ti wà nínú fíríìjì, ó dì dáadáa. Ọkọ mi ní kí n lọ bá Màmá nílé kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé. Mo ti gbà, màá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín: ṣé kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ kí n tó fún wọn ní ṣíbí, àbí kí wọ́n tọ́ ọ wò ná?