Wáyà Tín-ín-rín Abẹ́ Ìjókòó Ọ̀kadà Làmídì

Ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì láti ọdún méjì sẹ́yìn kò dà nínú mi, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ti wú débi pé n kò lè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́. Kí n tó gbé e wọ ilẹ̀ lọ, ẹ̀yin ará Lálúpọn, ẹ gbọ́ ọ: èmi Bàbá Safwan tó ń tún rédíò ṣe, èmi ni mo ba ẹ̀rọ gbohùngbohùn Làmídì jẹ́.

Gbogbo yín mọ Làmídì, tó ń fi ọ̀kadà kéde òkú, ìpàdé àti ohun tó sọnù láti abúlé dé abúlé. Nígbà tó ń kéde ikú ìyá mi, ó dárúkọ ọmọ márùn-ún, kò dárúkọ tèmi. N kò bi í léèrè. Irú mi kì í béèrè, inú ni mo máa ń dì í sí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi dì í. Lọ́jọ́ kan ló ra gbohùngbohùn ńlá méjì, ó gbé e wá pé kí n fi rọ́pò kékeré àtijọ́. Ó ní, "Bàbá Safwan, ẹ jẹ́ kó le dáadáa o! Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ní Lálúpọn, mo fẹ́ kí adìyẹ Ẹ̀rúnmu máa sá wọlé." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Wáyà tó nípọn ló rà. Mo fi í pamọ́, mo fi tín-ín-rín sábẹ́ ìjókòó. Mo mọ̀ pé bó bá ké díẹ̀, yóò gbóná, yóò sì jó. Mo ní kó kàn dákẹ́ lójú ọjà, kí wọ́n fi Làmídì ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Mùjíbátù, arúgbó tí iyè ti ń rá, jáde nílé láàárọ̀, kò padà. Kifayah ọmọ rẹ̀, tó ń yan gàrí, sáré tọ Làmídì lọ: "Ẹ bá mi kéde wọn o! Bùbá aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀, wọn ò ní mọ ọ̀nà ilé." Mo rí Làmídì tó ń kọjá lọ, n kò dá a dúró. Kò tíì dé abúlé kejì tí ẹ̀rọ fi kú. Ó fi ẹnu lásán ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ nínú oko ẹ̀gẹ́? Ó sáré padà wá bá mi. "Bàbá Safwan, ó ti dákẹ́, ẹ gbà mí!" Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni n bá fi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ìjókòó yẹn lójú rẹ̀, yóò rí ohun tí mo ṣe. Mo ní n kò ráyè, kó padà wá lọ́la. Èmi kan náà ni mo tún bá wọn wọ igbó lọ wá ìyá náà.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n bá òkú rẹ̀ lẹ́bàá odò. Àgbẹ̀ kan láti Ẹ̀rúnmu bú sẹ́kún: "Mo rí wọn lọ́sàn-án àná, wọ́n tilẹ̀ kí mi. Ká ní mo gbọ́ ìkéde kankan ni, n bá di ọwọ́ wọn mú." Nígbà tó yá, ìbínú mú mi sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi lójú Làmídì. Ó ní, "Ìwé tí Sàníù ẹ̀gbọ́n yín kọ fún mi ni mo kà, orúkọ yín kò sí níbẹ̀. Mo ṣebí ẹ̀yin méjèèjì ló jọ ń jà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ṣẹ̀ yín, ẹ bi í léèrè lọ́jọ́ náà gan-an. Kifayah, o gbé gàrí wá fún mi níjọ́sí, o ní o dúpẹ́ pé mo bá yín wá Ìyá. Mo sì jẹ ẹ́. Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi mọ́. Bí o bá lè foríjì mí, mo bẹ̀ ọ́. Bí o kò bá sì lè ṣe é, n kò ní bínú.