Bọ́tìnnì Tó Tóbi Jù

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ìta lẹ fi dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Má wolẹ̀, èmi ni kí o wò! Ìwọ àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ẹnjiníà tó ń tún títì ṣe, bírò ọwọ́ rẹ lo fi fa ìlà yí i po lórí ìwé!

Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni ìwọ àtàwọn ará àdúgbò tẹ́ àwòrán títì sí, àbí mo purọ́? Àga mi lẹ jókòó lé. Inú agolo mi lẹ ti kó bọ́tìnnì, ẹ ní pupa ni ibùdókọ̀, funfun ni igi, dúdú ńlá tí mo ń rán sí kóòtù ni ilé ìgbẹ́. Èmi ọ̀dẹ̀ wá wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, mò ń se tíì fún yín, mò ń dúpẹ́ pé àbúrò mi ti di èèyàn ńlá!

Mo ń gbọ́ yín o. Oníbúrẹ́dì ní òórùn ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun. Olóògùn ní aláìsàn lòun ń tajà fún. Awakọ̀ ní ibẹ̀ làwọn ń gbé mọ́tò sí, oníkẹ̀kẹ́ ń pariwo ọ̀nà tiwọn. Ẹ̀yin àgbàlagbà, ẹ ń ti bọ́tìnnì dúdú kiri bí ẹni ń fi igbálẹ̀ lé aáyán! Ìgbà tí mo máa gbé tíì dé, ẹ ti ká ìwé, oníkálukú ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mu tíì mi. Ìwọ tún ní kí n fi ṣúgà kún tìẹ!

Kí lo wí? Wọ́n pọ̀ jù ọ́ lọ? Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé àwọn náà ló di ìka ìyá wa mú?

Ìyá tí kò ríran mọ́, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà yẹn ló kù tí wọ́n fi ń jayé, ìró bàtà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ń kọjá kí wọ́n tó kí i! Láàárọ̀ yìí tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù, Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, nígbà tí mo ń se tíì lọ́jọ́ yẹn, àwọn bi ọ́ léèrè ẹnu ọ̀nà wa lórí ìwé yẹn, o gbé ìka àwọn lé e, bọ́tìnnì tiwa ló tóbi jù, ó sì ń dán. Wọ́n ní àwọn ṣàdúrà fún ọ. O ṣe àmín! O lẹ́nu tí o fi ṣe àmín, ìkà!

Wọ́n ń bi mí ṣáá pé ta ló ti ilẹ̀kùn, kí ló dé tí atẹ́gùn ò wọlé. Mo ní ẹnjiníà ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Má jókòó, mi ò se tíì. Màmá nìyẹn lórí àga wọn, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n sì ti na ọwọ́. Ó yá, di ìka yẹn mú bí o ṣe dì í mú lọ́jọ́sí. Gbé e lé búlọ́ọ̀kù. Kí ni kí wọ́n pè é? Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, dáhùn!