Èmi Ni Mò Ń Gbé Oògùn Fáwàsì Mì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Inú ń bí mi, èmi fúnra mi sì ni mò ń bínú sí jù. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, dókítà fẹ́ fi kún oògùn ọmọ àbúrò mi nítorí ẹ̀tàn tí mo ṣe. Bí mo bá dákẹ́ títí di ọjọ́ náà, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò fara gbá a.

Fáwàsì ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Rùkáyà ìyá rẹ̀ ni àbúrò mi, ọmú kan náà la jọ mu. Ata rodo ló ń tà ní Mile 12, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló sì ti máa ń dúró de ọkọ̀ ata. Ọ̀dọ̀ mi ní Ikosi, níbi tí mo ti ń ránṣọ, ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún ọmọ, èmi ni mò ń fún un ní oògùn kó tó lọ sí ilé-ìwé.

Fáwàsì kì í lè jókòó sójú kan. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ dàrú o, ó gbọ́n ju àwọn tó ń pè é ní alágídí lọ. Dókítà ní àìsàn kan ni tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọmọ dúró sórí nǹkan kan. Ó kọ oògùn fún un, ó sì kìlọ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀ pé ẹlòmíì ò gbọdọ̀ lò ó. Oògùn náà bá a lára mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í parí iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún ayọ̀.

Iléyá ló kó bá mi. Rárá, irọ́ ni, ojúkòkòrò mi ni. Mo gba aṣọ tó ju agbára mi lọ, àwọn oníbàárà ń pariwo lé mi lórí. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe ládùúgbò wa: bí oògùn bá ti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, gbogbo ilé ló máa tọrọ níbẹ̀. Bí a ṣe ń tọrọ iyọ̀ la ṣe ń tọrọ oògùn ẹ̀yìn ríro. Mo sọ lọ́kàn mi pé oògùn tó mú kí ọmọ tí kì í jókòó lè jókòó, ṣé kò ní mú èmi náà jókòó ti máṣíìnì ni?

Mo gbé ẹyọ kan mì. Oorun lọ, ebi lọ, mo ń ránṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ kejì mo tún mu ún. Nígbà tí mo rí i pé oògùn ò ní tó àwa méjèèjì, mo ra fítámì C funfun. Òun ni mò ń fi sọ́wọ́ Fáwàsì láràárọ̀.

“Big Mummy, oògùn tòní dùn o.”

“Ṣé mo ní kí o tọ́ ọ wò ni? Gbé e mì jàre! Má sì lọ rojọ́ fún mummy ẹ o.”

Kò rojọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Kò pẹ́ tó fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tíṣà ń fi í kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń dà á láàmú. Ayé wo? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Rùkáyà, tí kì í lu ọmọ, fi bẹ́líìtì nà án níṣojú mi. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mò ń wò wọ́n. Oògùn ọmọ náà wà nínú ikùn mi! Àwọn ará ilé tún wá ń yìn mí: “Aunty, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ̀yin lẹ lè fara da ọmọ yìí.” Ó ṣe mí bíi kí n gbá wọn lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu tèmi ló yẹ ní gbígbá.

Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní parasitámọ́ọ̀lù ni. Mo purọ́ fún ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí mi là!

Láti ìgbà náà mi ò mu ún mọ́. Èyí tó kù, Fáwàsì ni mò ń fún. Ṣùgbọ́n Rùkáyà ti lọ sọ fún dókítà pé oògùn náà ò ràn án mọ́. Dókítà ní òun máa fi kún un, pé kí èmi tí mò ń fún un bá wọn wá ní Ọjọ́bọ̀. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ṣàlàyé dáadáa o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù.”

Mo máa sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n bo ara mi láṣìírí, ẹ jọ̀ọ́, kó gbẹ́nu dákẹ́. Bí Rùkáyà bá lé mi, kó lé mi. Ti ọmọ yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é.

Láàárọ̀ yìí, mo fi oògùn rẹ̀ gidi sí i lọ́wọ́. Ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

“Big Mummy, tòní tún korò.” Ó wá rẹ́rìn-ín sí mi. “Ẹ ṣé, ma.”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn?