Ohun Tí Mo Sọ fún Àkànní Nígbà Tí Wọ́n Ń Dín Ikùn Ìyá Rẹ̀ Kù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èébú pàdé mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ṣáá pé mo ń bá òun tọ́ ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n kúkú gba ọmọ náà sọ́dọ̀ pátápátá, kí n wá ilé ìwé fún un ní Amukoko tí mò ń gbé. Ọpẹ́ náà ti ń dà mí láàmú. Mi ò lè dá àṣírí tó wà níkùn mi gbé mọ́.

Apapa ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ọmọ méjì ló bí, Àṣàkẹ́ àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Àkànní. Èmi ò bímọ. Aránṣọ ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi sanra débi pé àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ti di ìjà fún un. Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ìtọ̀ ṣúgà wà níbẹ̀, orúnkún ò jẹ́ kó sùn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín ikùn kù, kí oúnjẹ díẹ̀ lè máa yó èèyàn, ló lè ràn án lọ́wọ́. Ó rò ó títí, ó gbà.

Ọkọ rẹ̀ ń bá wọn tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Èmi ni wọ́n ní kí n wá dúró ti àwọn ọmọ. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ sí ọsibítù, ó kọ́ mi ní ohun tí n máa sọ fún wọn.

“Sọ fún wọn pé dókítà ń bá Mọ́mì dín ikùn kù kí ara Mọ́mì lè le. Oúnjẹ Mọ́mì ló máa kéré, ìfẹ́ Mọ́mì ò ní kéré. Má sọ pé mo rìnrìn àjò o, mi ò fẹ́ parọ́ fún wọn.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú mi nígbà náà. Inú mi ò dùn sí iṣẹ́ abẹ yẹn rárá. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí gẹ́lẹ́ ni ìyá wa tó ti kú ṣe rí. Tí mo bá rí i látẹ̀yìn, tó ń rọra rìn, á dà bí ẹni pé Màámi ṣì wà. Lójú mi, ńṣe ló fẹ́ lọ gé Màámi dànù. Mi ò sọ fún un. Mo kàn ń bínú sínú.

Ọjọ́ kejì tó lọ, Àkànní ò jẹun. Òun àti ìyá rẹ̀ ló máa ń jẹ nínú abọ́ kan náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Mò ń dín dòdò, ó ń tẹ̀ lé mi kiri ilé ìdáná, ó ń béèrè pé kí ló dé tí Mọ́mì fi sanra tí wọ́n fi máa la ikùn wọn. Ó béèrè, ó tún béèrè. Epo ta sí mi lọ́wọ́. Mo yíjú sí i.

“Ìwọ ni. Ìgbà tí wọ́n bí ẹ ni wọ́n di bẹ́ẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ìgbà oyún rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mo sọ ọ́ fún. Kò sunkún. Ó lọ jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rí i, mi ò pè é padà. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ mi, Àṣàkẹ́ nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, Àṣàkẹ́ rọra dì mọ́ ọn. Àkànní sá sẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sí i títí ọwọ́ fi ro ó. A ní ojú egbò ló ń bà á lẹ́rù. Oṣù ń gorí oṣù, ara ẹ̀gbọ́n mi ń fúyẹ́, ó ń gun àtẹ̀gùn láìdúró, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò sún mọ́ ọn. Ìgbà tó bá rí mi nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá ní kó máa wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó yá, ó di gbogbo ọlidé.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Màmá Àkànní, mo sì ń jẹ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí lẹ́ẹ̀kan bóyá mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà. Mo ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Ó sunkún lójú mi. Ó ní bóyá ọmọ ò dá òun mọ̀ mọ́. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá gbé àìsàn òun mọ́ra. Mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mi ò sì jẹ́wọ́ fún un.

Àkànní ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ ilé ìwé sílẹ̀, mo bi í bóyá kò fẹ́ padà sí Apapa ni. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀, kò wò mí.

“Tí mo bá ń gbé lọ́dọ̀ Mọ́mì, ṣé wọn ò tún ní sanra? Ṣé wọn ò tún ní la ikùn wọn?”

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, a rò pé ọmọ yìí ń sá fún ìyá rẹ̀. Àṣé ńṣe ló fi ìyá rẹ̀ du ara rẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè wà láàyè. Mo fà á mọ́ra, mo ní kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀, kò fìgbà kan jẹ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wò mí.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

Mo kúnlẹ̀, mo ń bá a so okùn bàtà kejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá jẹ́wọ́, mo lè pàdánù àwọn méjèèjì, ó sì tọ́ sí mi. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ọmọ náà á dàgbà pẹ̀lú èrò pé òun ló ṣe ìyá òun léṣe. Kò gba tèmi gbọ́ mọ́. Ẹnu ìyá rẹ̀ ló yẹ kó ti gbọ́ pé kì í ṣe ẹjọ́ òun, ìyá rẹ̀ ò sì lè wo ọgbẹ́ tí kò mọ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa kó ẹrù Àkànní tó kù wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un tó bá wọlé?