Bí Olúwa Ṣe Fi Sikútà Opó Kan Gbé Mi Kọjá Kọ́ọ̀nà Ọ̀nà Ìjan

Ọba tó yọ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ lọ́rì, tó tún yọ ọkàn mi lábẹ́ ìbẹ̀rù, ìwọ ni mo dìde láti yìn! Halelúyà!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n fara ti tábìlì yìí díẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ òsì mi kò fẹ́ràn ìdúró pípẹ́. Orúkọ mi ni Josáyà Fálóore. Tísà ni mí, Òkè-Ìlá níhìn-ín ní Adó sì ni ilé wa wà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, tó ń ránṣọ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Òun ló ní kí n má gbé ọpẹ́ yìí mì.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ máa lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri Nàìjíríà, ẹ rántí bí àwọn ọmọ ṣe kún kíláàsì tí tísà kò sì kárí. Ìgbà náà ni wọ́n gbé mi lọ sí Ìjan. Tísà míì wà tí à ń pè ní Àlàbá, ọmọ bíbí Ìjan ni, ṣùgbọ́n Adó ló ń gbé. Àràárọ̀ ni àwa méjèèjì jọ ń wọ lọ́rì lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Bí mi ò bá tíì jẹun, á bu ẹ̀kọ rẹ̀ sí méjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé kọ́ọ̀nà tó wà ṣáájú afárá kékeré kan, táyà lọ́rì wa yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì dojú dé. Mi ò mọ iye àkókò tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lajú, èèyàn ń pariwo, ẹsẹ̀ òsì mi há sábẹ́ pákó, Àlàbá sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni tí kò sí nínú ìyọnu kankan. Mo pè é. Kò dáhùn. Kò tún dá mi lóhùn mọ́ láéláé.

Olúwa dá ẹ̀mí mi sí. Mo dúpẹ́. Mo pẹ́ ní ọsibítù. Dókítà tó tọ́jú mi kò pa irọ́ fún mi. Ó ní, “Tísà, egungun ti jinná. Ṣùgbọ́n orúnkún yìí kò ní í ká bó ṣe ń ká tẹ́lẹ̀. Ẹ máa rìn, ẹ máa ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà má fi sí ibi tó há.”

Mo rò pé ìṣòro mi ti parí nìyẹn. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo dé gáréèjì, mo di irin lọ́rì mú láti gòkè. Òógùn bò mí. Ojú mi ṣókùnkùn. Mo ń gbọ́ igbe tí kò sẹ́ni tó ń ké e. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo rìn padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbà tó yá, mi ò tilẹ̀ dé gáréèjì mọ́; n ó dé ìkóríta, n ó sì yí padà. Ẹnìkan ní kí n kúkú lọ gbé ní Ìjan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà débẹ̀?

Mo lọ bẹ̀bẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n gbé mi wá sí Adó. Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ gbà mí dáadáa. Ó ní, “Tísà Fálóore, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n kò sí àyè ní Adó. Bí ilé ìwé bá wọlé tí ẹ kò sì sí ní Ìjan, a ní láti fi ẹlòmíì sí ipò yín. Kì í ṣe ìkà. Àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń kọ́ wọn.”

Mo dé ilé, mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri. Mẹkáníìkì àdúgbò wa gbọ́, ó ní kí n ra alùpùpù, kí n máa dá ara mi gbé. Mo jókòó lórí ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń yí jíà rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tèmi kò gbéra. Èyí náà tún di ọ̀rọ̀ àná.

Ẹ fi ọpẹ́ fún Olúwa tí kì í pẹ́ jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyàwó mi ti ṣọ́ọ̀bù dé. Kò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀.

“Bàbá Dúpẹ́, nọ́ọ̀sì kan wá gba aṣọ lọ́dọ̀ mi lónìí. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Ó fẹ́ ta sikútà tí ọkọ náà fi sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí jíà tirẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì kò ní iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀.”

Mo ní, “Ta ló máa gùn ún?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Èmi tí mi ò lè wọ lọ́rì?”

Ó jókòó tì mí. Ó ní, “Nínú lọ́rì, ẹlòmíì ló ń gbé yín sáré. Lórí èyí, ìjánu á wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Wíwò kì í ṣe rírà.”

Ìyá mi gbọ́ láti inú yàrá. Ẹ mọ̀ pé Mama kì í fi Èkìtì ẹnu rẹ̀ pamọ́. Ó ní, “Máṣínì òkú? Ọmọ mi, jókòó sí ulé. Ùyà tó jẹ ọ́ ti tó.”

Síbẹ̀, mo bá ìyàwó mi lọ.

Ìyá Pọ́ọ̀lù ni orúkọ tí à ń pe nọ́ọ̀sì náà. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Wolé-wolé ìjọba ni ọkọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, tó ń kiri láti Adó dé Ìyìn, dé Ìgèdè, dé Ìlawẹ̀, tó ń yẹ kànga àti ṣáláńgá wò. Àìsàn ló pa á lórí ibùsùn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀nà.

Ó ṣí aṣọ tó fi bo sikútà náà. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe irú kékeré tí àwọn akọ̀wé fi ń lọ ọ́fíìsì. Ó gùn, ó sì sanra. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, torí ìrìnàjò jíjìn àti òkè ni wọ́n ṣe é fún. Gíláàsì ńlá wà níwájú tó ń gba afẹ́fẹ́ àti òjò dúró, irin ìdẹrù wà lẹ́yìn, táyà àfipamọ́ wà lára rẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí níbi tí orúnkún ọkọ ti máa ń gbá a. Níwájú ìjókòó, ibi pẹlẹbẹ kan wà tí èèyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ òsì mi síbẹ̀. Ó gbà á. Láti ọjọ́ lọ́rì, n kò tíì rí ibi tí ẹsẹ̀ yẹn wọ̀ láìro mí.

Obìnrin náà fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ wúwo, kò kánjú.

Mo ní, “Mo máa rà á.”

Ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ gùn ún ná.”

Mo di ọwọ́ sikútà náà mú. Mo tú u sílẹ̀, mo tún dì í mú, n kò lè gbéra. Ìyá Pọ́ọ̀lù pa ẹ́ńjìnnì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tísà, kí ló ṣe yín?” Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. N kò tíì sọ ọ́ tán rí fún ẹnikẹ́ni, kódà ìyàwó mi tó dúró níbẹ̀.

Ìyá Pọ́ọ̀lù gbọ́ mi tán. Ó ní, “Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá fẹ́ rà á. Eré ni wọ́n fẹ́ máa fi sá, mi ò sì tà á. Ẹ̀yin kò ní í fi sáré. Ẹ̀yin ni mo máa tà á fún. Ṣùgbọ́n mi ò ní í gba owó yín títí ẹ ó fi lè gùn ún jáde ní ọgbà yìí. Mi ò fẹ́ kó tún lọ jókòó nínú ilé ẹlòmíì.”

Mo ní, “Ta ló máa kọ́ mi?”

Ó ní, “Ọkọ mi kọ́ mi. Èmi ni n ó kọ́ yín.”

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a ó pàdé ní pápá ilé ìwé kan, èmi, òun, àti ìyàwó mi tó ń jókòó sórí koríko pẹ̀lú aṣọ tó ń rán létí. Ìyá Pọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ gùn ún yí pápá ká kí n lè rí i, á sì gbé e fún mi. “Ẹ di kílọ́ọ̀ṣì, irin ọwọ́ òsì yìí, mú. Ẹ yí jíà. Ẹ wá tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn lé bẹ́ẹ̀dì.” Àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Mo ṣubú sínú koríko. Ó wo orúnkún mi, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó ní kí n dìde. Mo gbàdúrà kí Ọlọ́run mú ìbẹ̀rù náà kúrò. Kò mú un kúrò lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fún mi ní agbára tó tó fún yíyí pápá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà fún òmíràn.

Ọjọ́ tí mo gùn ún jáde lọ́gbà rẹ̀, mo dé Adébáyọ̀, mo sì padà. Ìgbà yẹn ló gba owó. Ó fi ẹ̀wù òjò ọkọ rẹ̀ kún un, kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Mẹkáníìkì wa yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n pààrọ̀ wáyà bíréèkì àti táyà ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Mama gbé ọwọ́ lé e, ó gbàdúrà sí i lórí. Kò tíì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbàdúrà.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìwọlé, mo dágbére fún ilé, mo kọrí sí Ìjan.

Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa títí mo fi rí kọ́ọ̀nà náà lọ́ọ̀ọ́kán. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń kùn lábẹ́ mi. N kò lè lọ síwájú, n kò sì lè yí padà. Mo ní, “Olúwa, níbí ni agbára mi mọ.”

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan jáde láti ọ̀nà oko, ó ru agbọ̀n iṣu. Abà ló sùn mọ́jú. Ó wò mí, ó tún wò mí.

Ó ní, “Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ Àlàbá nìyí?”

Ìyá Àlàbá ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀, n kò tíì fojú kàn án, nítorí kọ́ọ̀nà yẹn ló wà láàárín àwa méjèèjì. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀, orúnkún mi kọ̀. Ó di apá mi mú kí n má bàa ṣubú. Omi lójú mi ló kọ́kọ́ kí i.

Ó ní, “Wọ́n sọ fún mi pé ara rẹ kò tíì yá. Mo ní bó bá yá, yóò wá. Mo ti ń retí rẹ.” Ó wo sikútà náà. “Ṣé máṣínì yìí lè gbé èèyàn méjì?”

Mo ní, “Ó lè gbé e, Mama.”

“Ó dáa, gbé mi lọ sí ulé. Ìgbà gbogbo ni mò ń kọjá ní ibi yìí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń kọjá. Jẹ́ kí n jókòó kọjá lónìí.”

Mo di agbọ̀n iṣu rẹ̀ mọ́ irin ẹ̀yìn. Ó jókòó ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Mo di kílọ́ọ̀ṣì mú, mo yí jíà, mo tú u sílẹ̀. A lọ. Nínú kọ́ọ̀nà náà, ọwọ́ rẹ̀ fún èjìká mi gan-an. Mo mọ̀ pé ó ń wo ibẹ̀. Èmi náà wò ó. Koríko ti hù. A gorí afárá, òkè dé, ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn sì fa àwa méjèèjì àti iṣu gòkè láìráhùn. Nígbà tí a dé òkè, ọwọ́ ìyá náà dẹ̀ lára mi. Ó ní, “Olúwa ṣeun.” Èmi náà ní, “Olúwa ṣeun.” Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ Ìjan.

Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n sin Àlàbá sí lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, èyí tó gbà fún mi. Lẹ́yìn náà ó sun iṣu fún mi, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú epo. Èmi nìkan ni mo padà sí Adó. Ìbẹ̀rù náà wà ní kọ́ọ̀nà, n kò ní í parọ́ nílé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò dí ojú ọ̀nà mọ́.

Ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, hẹdimásítà rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Tísà Fálóore, kíláàsì yín ti kún.” Láti ìgbà náà, n kò tíì pa iṣẹ́ jẹ. Bí mo bá pàdé Ìyá Àlàbá lójú ọ̀nà oko, mo ń gbé e délé. Ìyá tèmi pàápàá, ẹ̀yìn mi ló jókòó sí wá sí ìsìn àárọ̀ yìí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ìyá Pọ́ọ̀lù, tó fi ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ lónìí láti wá gbọ́ ẹ̀rí yìí, ẹ ṣeun, mà. Olúwa kò ní í fi yín sílẹ̀.

Bí ẹnìkan bá wà láàárín wa tí ọ̀nà kan wà tí kò lè gbà mọ́, n kò ní í sọ fún un pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Nǹkan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí yóò bá ọ kọjá ti ń bọ̀ láti ọ̀nà oko. Bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, kí onítọ̀hún bá mi níta. Abẹ́ igi máńgòrò ni sikútà mi wà. Kó sọ ibi tó fẹ́ dé fún mi, kó jókòó sẹ́yìn, kí a jọ máa lọ.