Yàrà Tí Mo Fi Ajílẹ̀ Yà

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì, àti ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ tí ẹ ti bínú sí aláìṣẹ̀ nítorí mi, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Dókítà Abdulhameed kò purọ́. Èmi Inúmidùn ni mo purọ́, mo sì dúró, mo ń wò yín nígbà tí ẹ̀ ń fi ọ̀rọ̀ nà án. Kò sí àìsàn tó ń ṣe mí, ẹnikẹ́ni kò sì ká mi mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé mo lọ kí bàbá kan nílé rẹ̀, tí mo sì jáde níbẹ̀ tí n kò lè dákẹ́ mọ́. Mo ti bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí èmi pàápàá gbà á gbọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́.

Dókítà ni olùkọ́ mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwá ibi tí àwọn èèyàn àtijọ́ gbé, tí ilẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀. Kì í kọ́kọ́ gbẹ́lẹ̀ o. Òkè ló ti máa ń wo ilẹ̀ ná. Ó máa ń ṣàlàyé fún wa pé bí àwọn ará ìgbàanì bá gbẹ́ yàrà yí ìlú wọn ká nítorí ogun, tí yàrà náà wá dí lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, iyẹ̀pẹ̀ tó dí i máa ń jìn, ó sì máa ń pa omi mọ́. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, koríko orí rẹ̀ á ṣì tutù nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó dúró nílẹ̀ lè má rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ya àwòrán ibẹ̀ látòkè á rí ìlà tútù tó yípo láàárín koríko gbígbẹ. Dókítà ní àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n yà láti inú bàálù nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Ìlà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀, lápá ibi tí Ìsọlọ̀ wà lónìí. Ilé, ilé iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ti gba gbogbo ibẹ̀ tán, àfi pápá kan tó kù lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí kánààlì. Ọmọ Ìsọlọ̀ ni Dókítà. Ìyá rẹ̀ àgbà ti sọ ìtàn ìlú kékeré kan fún un, tó ti pa rẹ́ kí wọ́n tó bí ìyá àgbà náà pàápàá. Ó gbà pé yàrà ìlú náà ló wà lábẹ́ pápá yẹn.

Èmi àti Pamílẹ́rìn, akẹgbẹ́ mi, la jọ ń bá a ṣiṣẹ́. Pamílẹ́rìn ló máa ń gbé drónù sókè láti ya àwòrán. Pápákọ̀ òfurufú kò jìnnà sí wa. Láti Apakun tó wà nítòsí wa lo ti máa ń rí ikùn bàálù lórí rẹ. Ká tó rí ìwé àṣẹ gbà láti fi drónù fò níbẹ̀, ojú wa rí màbo. Nígbà tí a wá rí i gbà, a ò rí nǹkan kan nínú àwòrán ju ojú ẹsẹ̀ àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù, ọ̀nà àbùjá, àti ibi tí wọ́n ti ń sun pàǹtí. Ó ku díẹ̀ kí Dókítà fẹ̀yìn tì. Ó jókòó lẹ́bàá pápá náà, ó ní, "Inú, ó jọ pé òfo ni mo ń lé láti ọjọ́ yìí." Ohùn tó fi sọ ọ́ wọ̀ mí lára. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Dókítà àti Ìyá Memunat, ìyàwó rẹ̀, ló gbà mí sílé bí ọmọ. Ǹ bá fẹ́ sọ pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe ohun tí mo wá ṣe. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí yàrà yẹn náà ni ìwé oyè mi dúró lé. Bí kò bá sí yàrà, kò sí oyè. Ẹ má jẹ́ kí n fi ìfẹ́ bo ìmọtara-ẹni-nìkan mọ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo lọ sí pápá náà lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí oòrùn mú. Mo kan èèkàn, mo ta okùn, mo yí i bí ìlà inú àwòrán àtijọ́ yẹn ṣe yí. Mo wá ń da ajílẹ̀ òyìnbó tẹ̀ lé okùn náà bí ẹni ń fúnrúgbìn. Gbogbo ojú ló rí mi. Ìyá kan tó ń gba inú pápá kọjá lọ sọ́jà dúró, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n fẹ́ la ọ̀nà síbí ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Ìwádìí là ń ṣe." Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun tí ẹ̀ ń wá." Mo ṣe àmín.

Ọyẹ́ dé, koríko gbẹ, Pamílẹ́rìn gbé drónù sókè. Ìlà tútù náà hàn ketekete. Ó wò ó títí lójú fóònù, ó ní, "Inú, wo etí rẹ̀. Ó mọ́ jù. Nǹkan tó ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ kì í mọ́ báyìí." Mo ní, "Pamí, jọ̀ọ́." Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ìwọ lo ṣe é." Ó ká ẹrù rẹ̀, ó ní, "Èmi ò rí nǹkan kan o. Má dárúkọ mi níbì kankan." Kí ọdún tó yípo, ó ti lọ sí Kánádà. Èmi ni mo gbé àwòrán náà lọ bá Dókítà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó wá ké sí ìyàwó rẹ̀ ní kíṣìnnì: "Ìyá Memunat, wá wo ìlú ìyá àgbà." Ìyá Memunat fi ọwọ́ tó tutù kan àwòrán náà, ó wá gbé ọwọ́ kan náà lé mi lórí, ó súre fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á.

Dókítà sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwọn oníwèé ìròyìn wá. Lọ́jọ́ tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, lèmọ́mù àti pásítọ̀ jọ gbàdúrà sí pápá náà, àwọn àgbà àdúgbò sì gbé àga jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan láti wo ìlú àwọn baba wọn. Kòtò àkọ́kọ́ jìn títí, ilẹ̀ pupa ni, bí Ọlọ́run ṣe dá a, kò sí ibi tí ọwọ́ èèyàn kàn rí. Ìkejì rí bẹ́ẹ̀. Kò sí àfọ́kù ìkòkò kan ṣoṣo. Àwọn àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò kẹta, níbi tí ajílẹ̀ ti dà pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, ó sì mú nǹkan funfun kan tó dì lábẹ́ gbòǹgbò koríko. Ó fi ìka rún un, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dì í mọ́ áńkáṣíìfù. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa palẹ̀ mọ́.

Ó wá bá mi nínú yàrá tí mo gbà nítòsí òpópónà Àgọ́ Palace. "Inúmidùn," ó pe orúkọ mi délẹ̀, "ṣé nǹkan kan wà nípa pápá yẹn tí o kò tíì sọ fún mi?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "Bí o bá sọ ọ́, èmi àti ẹ la jọ máa gbé e. Mi ò ní jẹ́ kó wó lé ọ lórí." Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan, sà. Bóyá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí kánààlì ló da nǹkan síbẹ̀." Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó dúpẹ́, ó dìde. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, n kò sì sá tẹ̀ lé e. Ká ní mo sá tẹ̀ lé e ni, ẹ̀ṣẹ̀ tí mò ń jẹ́wọ́ yìí ì bá kéré.

Èyí tó burú jù ló wá tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ láti ibòmíràn yẹ iyẹ̀pẹ̀ náà wò, wọ́n ní ajílẹ̀ ni. Yunifásítì yan ìgbìmọ̀. Wọ́n pè wá wọlé, Dókítà jókòó nítòsí mi débi pé mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Alága bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ní ajílẹ̀ lọ́wọ́ nínú wa. Mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo ní, "Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ bàbá mi láìdáa, sà. Ṣùgbọ́n Dókítà ti rán mi ra ajílẹ̀ rí." Òótọ́ ni. Ó rán mi rà á fún ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré tí ìyàwó rẹ̀ ní lẹ́yìnkùlé. N kò dárúkọ ọgbà. Mo gé òótọ́ sí méjì, mo fi ìdajì rẹ̀ pa á. Alága kọjú sí i: "Dókítà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rán an." "Fún kí ni, sà?" Ó dákẹ́. Ì bá sọ fún kí ni, gbogbo ojú ì bá yí padà sí ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé, "Èmi ni olórí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa lọ sílé."

Wọ́n ní kó máa lọ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe látẹ̀yìnwá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí. Ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n bí i sí, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín bó bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Wọ́n yí ìwádìí tèmi sí ibòmíràn, mo gba oyè, mo sì di olùkọ́. Ẹ gbọ́ bí ìwà mi ṣe burú tó: mo máa ń fi ìtàn rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìtara ba ìwádìí wọn jẹ́. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni mo gbọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, pé ó ń gbàgbé. Mo lọ. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí èèkàn dé orí ìgbìmọ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ó wá ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo ní, "Inúmidùn ni, sà." Ó ní, "Orúkọ tó dáa." Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́? Fi onítọ̀hún hàn mí, màá bá ẹ bá a wí." Ìyá Memunat ti dúró sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yẹn. Ó ní, "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Òun ló ní n kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní ọmọ rere ni ọ́, pé ìwọ fúnra rẹ á wá. Ó retí rẹ, Inú. Ó retí rẹ títí tó fi gbàgbé ohun tó ń retí." Mo wọ́ lọ bá Ìyá Memunat, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo bẹ̀ ẹ́. Ó yọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Má bẹ̀ mí lọ́dẹ̀dẹ̀. Gbangba lo ti bà á jẹ́."

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ ní gbangba. Mo ti lọ sọ ọ́ fún ọ̀gá mi ní yunifásítì lójúkojú. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣe, kí wọ́n fi mí ṣe. Memunat ọmọ wọn kò gbé ìpè mi, n kò sì dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́, bí ilẹ̀ kò bá fi nǹkan kan hàn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fi nǹkan kan hàn, kí ẹ sì lọ sùn. N kò mọ̀ bóyá ìdáríjì wà fún mi, nítorí ẹni tó ni í kò mọ̀ mí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: ó máa ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì. Bí ẹ bá ń kọjá, ẹ yà kí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti mọ̀ pé kò purọ́. Ó lè bi yín pé irọ́ wo. Ẹ ṣáà sọ ọ́ fún un.